O Fi Mojí Sílẹ̀ ní Lisbon

Ilé wa ní Eastbury,
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Fìkáyọ̀mi, Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Mi ò ní béèrè bóyá dáadáa lo wà. Mo mọ̀ pé dáadáa lo wà. Ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì pé, orí ibùsùn ara rẹ lo ń sùn ní Leicester, o sì ti padà sí kíláàsì rẹ. Ẹni tí mo ń béèrè àlàáfíà rẹ̀ lójoojúmọ́ ni Mojísọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ láti ọmọ ọdún mẹ́fà, tí ìwọ àti àwọn ọmọbìnrin méjì yòókù fi sílẹ̀ ní ọsibítù ní ìlú Lisbon, tòun ti ọrùn ẹsẹ̀ tó kán, tí ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú padà wálé.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pè ọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ohùn mi ga, tí ìwọ náà ní, "Daddy, I can't do this right now," tí o pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu. Ó dáa. Bébà ò lè pariwo mọ́ ọ. Òní ni ọjọ́ ìsinmi mi, Mummy rẹ ti lọ síbi iṣẹ́ ní ilé àwọn arúgbó ní Becontree Heath, mo wá jókòó sí tábìlì ìdáná láti kọ ohun tí o kò jẹ́ kí n sọ tán. Kà á dé òpin. Bí o bá fẹ́, sunkún, ṣùgbọ́n kà á.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ohun tí kì í ṣe ẹ̀sùn mi kúrò nílẹ̀. Mi ò bínú pé o lọ sí Lisbon. Ẹni tó bá kàwé tó bó o ṣe kà á láti oṣù kẹsàn-án lẹ́tọ̀ọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ kan tí yóò fi wo òkun. Èmi fúnra mi ni mo wa ìwọ àti Mojí lọ sí pápákọ̀ òfuurufú láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn kí n tó lọ gbé bọ́ọ̀sì mi. Ǹjẹ́ o rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a dúró níwájú ilé wọn ní Upney? Ìyá Mojí jáde tòun ti ike ẹran díndín lọ́wọ́. Ó gbàdúrà fún yín, ó wá gbá ọ lọ́wọ́ mú lójú fèrèsé mọ́tò, ó ní, "Fìkáyọ̀, ìwọ lẹ̀gbọ́n o. Jẹ́ kójú ẹ wà lára Mojí."

Oṣù mẹ́ta péré lo fi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n o rẹ́rìn-ín, o ní, "Mummy Upney, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti gbọ́."

Mo ti gbọ́! Ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó na ìbọn sí ọ lórí.

O ò sí nílé lọ́jọ́ Àìkú, nítorí náà o kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí. Mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ń wo ìrẹsì lórí iná, ni wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìlẹ̀kùn. Nígbà tí mo ṣí i, ìyá Mojí ni. Sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì wọ bàtà, bí wọ́n ṣe máa ń wà nínú ìsìn ìjọ tiwọn. Àárín ìsìn ló ti jáde. Òjò ti pa títì, ẹsẹ̀ lásán ló sì fi rìn láti ilé àdúrà wọn dé ẹnu ọ̀nà wa. Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí bí ẹni tí fóònù náà ta.

"Bàbá Fìkáyọ̀, nọ́ọ̀sì kan ló pè mí. Ó ń sọ èdè tí mi ò gbọ́. Ó kàn ń pe 'Mojísọ́lá, Mojísọ́lá,' ó wá ní 'operation.' Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni mo dá mọ̀. Wọ́n gbé fóònù fún Mojí, ó ní kí n má bẹ̀rù, pé ẹsẹ̀ òun ni, ló bá já."

Mo ní kó wọlé. Ǹjẹ́ o mọ ọ̀rọ̀ tí mo fi tù ú nínú? Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Fìkáyọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀." Mo sọ ọ́ tìgboyàtìgboyà. Mo tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí i pé ó ń bẹ̀rù nígbà tí ọmọ mi wà níbẹ̀.

Mo pè ọ́. Fóònù náà sì dún bó ṣe ń dún tí èèyàn bá wà ní ìlú yìí, kì í ṣe bó ṣe ń dún tó bá wà lẹ́yìn odi. Ara fu mí. Mo ti ṣí gbohùngbohùn fóònù sílẹ̀ kí ìyá Mojí lè gbọ́. O gbé e, ohùn rẹ dùn bíi ti ẹni tó gba ẹ̀bùn.

"Hi Daddy! A ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ ni."

"Mojí ńkọ́?"

O wá ní, "Oh, Mojí ń lo ọjọ́ méjì sí i níbẹ̀."

Ọjọ́ méjì sí i. Bí ẹni pé ó lọ gba atẹ́gùn ni. Ìyá rẹ̀ wà lórí ìdúró nínú ìdáná wa, ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Kò pariwo. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí táìlì tútù, nínú aṣọ funfun, ó wò mí, ó ní, "Ó ní ó ń lo ọjọ́ méjì sí i."

Mo ti ń wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún kẹtàlá wá. Wọ́n ti tutọ́ sí mi lára, wọ́n ti pè mí lórúkọ tí mi ò lè kọ síbí. Ojú ò tì mí rí bó ṣe tì mí lórí táìlì yẹn.

Nígbà tí mo sọ fún ọ pé, "Fìkáyọ̀, ìyá rẹ̀ ń gbọ́ ọ o," ìgbà yẹn ni òótọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ègé ègé. Pé Mojí yọ̀ lórí òkúta títì tí òjò pa ní ọ̀sán Sátidé. Pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yí, ó sì wú. Pé ẹ gbé e dé ọsibítù, ẹ jókòó tì í dé ìrọ̀lẹ́, ẹ sì padà lọ wò ó ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Pé tíkẹ́ẹ̀tì yín kò ṣeé yí padà. Pé ẹ ní kíláàsì lọ́jọ́ Ajé. O wá fi èyí tó burú jù parí rẹ̀: "Daddy, she literally told us to go."

Òun ló ní kẹ́ ẹ máa lọ. Mo fẹ́ dá ọ lóhùn lórí ìyẹn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ wà.

Fìkáyọ̀, ṣé inú ilé yìí kọ́ la ti tọ́ ọ ni? Bí àlejò bá wọlé wa, tí Mummy rẹ ní kó jẹun, tí àlejò ní, "Rárá, mà, mo ti yó," kí ni Mummy rẹ máa ń ṣe? Ṣé ó máa ń ní "ó dáa," kó gbé ìkòkò padà? Àwo ló máa ń gbé sílẹ̀! Àlejò á sì jẹun. Láti kékeré lo ti ń rí i. O mọ̀ pé "mo ti yó" kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ Yorùbá. Ìtìjú ni, ọ̀wọ̀ ni. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni Mojí. Ó wà nínú ìrora, ó sì ń ro ti tíkẹ́ẹ̀tì yín mọ́ tirẹ̀. Òun tó kán lẹ́sẹ̀ ló ń ṣàánú ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín dá ṣáṣá. Ẹ wá mú àánú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìwé àṣẹ. Bí aláìsàn bá ní "máa lọ," jókòó. Bó bá tún un sọ, bọ́ bàtà rẹ. Nígbà tó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, bi í pé kí ni yóò jẹ.

Má sì sọ fún mi pé ẹ̀yin mẹ́ta lẹ jọ pinnu ẹ̀. Àwọn méjì yẹn, oṣù mélòó ni wọ́n ti mọ Mojí? Wọn ò gbé ilé rẹ̀ rí. Ìwọ ńkọ́? Nígbà tí a kó kúrò ní Peckham wá síbí, o jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, èmi àti Mummy rẹ ń ṣe iṣẹ́ aago oríṣiríṣi, ta ló ń mú ọ láti ilé ìwé? Odidi ọdún mẹ́rin, ìyá Mojí ló ń mú ẹ̀yin méjèèjì, ọwọ́ kan fún Mojí, ọwọ́ kan fún ọ, gba ẹ̀gbẹ́ Barking Park wálé. Nígbà tí eéwo kéékèèké bò ọ́ lára tí ilé ìwé ní a ò gbọdọ̀ mú ọ wá, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ tí mi ò sì lè gbàyè, òun tó ní ọmọ tirẹ̀ nílé tó lè kó o, ó ní, "Ẹ gbé e wá. Kí àwọn méjèèjì kúkú jọ ṣe é." Ẹ sì jọ ṣe é. Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá, Àbẹ̀ní. Ìwọ ò ronú.

Bí ìyá rẹ̀ bá lè lọ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá fúyẹ́ díẹ̀. O mọ̀ pé kò lè lọ. O mọ̀ ju àwọn méjì yẹn lọ. Ìwé rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba, ó sì ti pẹ́ tó ti ń retí èsì. Bó bá jáde kúrò nílùú yìí, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé mọ́. Bàbá Mojí sì ti padà sí Nàìjíríà tipẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ìdáná wa níbẹ̀, ó ń béèrè pé, "Bí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀bẹ kan ọmọ mi, ta ni yóò wà níbẹ̀?"

Èmi ni mo lọ. Mo pe ọ̀gá wa ní gáràájì, mo ní ọmọ mi wà lórí àìsàn. Mummy rẹ di báàgì fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí o wà ní kíláàsì tí o ò fẹ́ pàdánù, mo wà lófuurufú.

Mi ò rí ohunkóhun nínú ìlú arẹwà tí o ya fọ́tò rẹ̀. Òkè ni mo rí, àti òkúta títì funfun tó ń dán bí ẹyin, mo sì ń rìn lórí rẹ̀ bí arúgbó. Ní wọ́ọ̀dù náà, ẹsẹ̀ Mojí wà lórí ìrọ̀rí, ó wú bí iṣu. Ó rí mi, ojú rẹ̀ là. Lẹ́yìn náà, Fìkáyọ̀, ọmọ yẹn gbìyànjú láti kúnlẹ̀ lórí ibùsùn! Ó ń wá bí yóò ṣe tẹ eékún kan tó dáa. "Daddy, ẹ kú ìrìn. Ẹ má bínú, sà, mo dà yín láàmú." Òun ló ń bẹ̀ mí.

Dókítà béèrè pé kí ni mo jẹ́ sí i. Mo ní, "Bàbá rẹ̀ ni mí." Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ìyá rẹ̀ wà lórí fóònù pẹ̀lú mi, ó ń gbàdúrà láìdánudúró, mo sì gbé fóònù náà mọ́ àyà mi kí àdúrà náà lè súnmọ́ ìlẹ̀kùn tí wọ́n gbé e gbà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́. Ṣáájà. Ìwọ àti Mojí jọ mú ṣáájà kan lọ ni, tìrẹ ni, òótọ́ ni. O tú u kúrò lára ògiri ọsibítù, o sì kó o sínú báàgì rẹ. Ìdí nìyẹn tí fóònù Mojí fi kú, tí nọ́ọ̀sì fi ní láti fi fóònù tirẹ̀ pe ìyá rẹ̀. Mi ò rò pé ìkà lo fi ṣe é. O ò ronú rárá ni, èmi ò sì mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì. Ta ló wá fún un ní ṣáájà? Obìnrin dúdú kan tó ń gbálẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Mojí ò gbọ́ èdè tirẹ̀. Ó yọ ṣáájà tirẹ̀ fún un, nígbà tó sì parí iṣẹ́, kò lọ sílé, ó jókòó tì í, ó fi ìyàrun ya irun rẹ̀ tó ti rí jàgàjàgà, ó sì dì í fún un. Mo bá a pàdé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lédè rẹ̀, mo kàn tẹrí ba fún un, omi sì bọ́ lójú mi. Ẹni tí kò mọ orúkọ Mojí dúró. Ìwọ tó mọ oríkì rẹ̀ lọ.

Títí di ọjọ́ kẹta, Mojí ò sọ̀rọ̀ yín láìdáa. Gbogbo ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, á ní, "Daddy, èmi ni mo ní kí wọ́n máa lọ." Lọ́jọ́rú, mo ń bó ọsàn fún un, ló wá sọ ọ́ láìwò mí.

"Mo ní kí wọ́n máa lọ, Daddy. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo rò pé Fìkáyọ̀ máa ní rárá. Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Òun ń wo aago."

Ó wá sunkún. Kò sunkún nítorí ọ̀bẹ, kò sunkún nítorí abẹ́rẹ́. Èmi ni mo rí i, nítorí náà èmi ni mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ.

Bóyá o ń sọ nínú ara rẹ pé, "Daddy ń ṣe bí ẹni tí kò ṣàṣìṣe rí." Rárá o, ọmọ mi. Bí mi ò bá ṣe é rí, mi ò ní bínú tó báyìí. Mi ò sọ ìtàn yìí fún Mummy rẹ pàápàá rí.

Nígbà tí mo wà ní pólì ní Ìbàdàn, àwa mẹ́rin pinnu láti lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ kan ní Cotonou. Bẹ́ẹ̀ ni, bíi tìrẹ gẹ́lẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ wo ìlú òkèèrè. Ọ̀kan nínú wa ń jẹ́ Gbádébọ̀. Abọ́ kan lèmi àti òun fi ń mu gààrí, ṣíbí kan là ń gbà lọ́wọ́ ara wa. Ní bọ́dà, wọ́n rí àléébù nínú ìwé Gbádé, wọ́n ní kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A bẹ̀ wọ́n títí. Gbádé wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ máa lọ, jàre. N ó bá yín níwájú." Inú mi dùn! Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ọ: inú mi dùn pé òun ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. A lọ. A jẹ ẹja, a rìn létí òkun, a ya fọ́tò, èmi ni mo sì rẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo rẹ̀. Gbádé ò dé. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi dá a dúró lórí bẹ́ǹṣì nínú oòrùn, kí ará àdúgbò rẹ̀ kan tó ń kọjá tó bá a bẹ̀bẹ̀. A padà dé bọ́dà, wọ́n ní ó ti lọ.

Kò bá mi jà. Ìyẹn ló tàn mí jẹ. Mo ní n ó lọ bẹ̀ ẹ́ bí ìdánwò bá parí. Ìdánwò parí, mo ní kí a ti ìsinmi dé. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ń wúwo sí i. Nígbà tó pẹ́, mo ní, "Ṣebí ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún." Òwe gidi ni, ṣùgbọ́n ojo ni mo fi ń pa á.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí mo lọ sílé, mo rí i nínú báńkì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ké, "Gbádé!" Ó yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ẹ. Ó fi "ẹ" kí mi. Gbádé, ojúgbà mi, ẹni tó máa ń pè mí ní "ìwọ ọ̀lẹ yìí," fi "ẹ" kí mi bí ẹni ń kí àlejò tí wọn ò mọ̀. Bó bá gbá mi létí nínú báńkì yẹn, ì bá tù mí lára. Mo dá a lóhùn, mo sì jáde. Títí dòní, mi ò bẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kejì: má dúró de ìgbà tí yóò rọrùn. Kò ní rọrùn. Ẹni tó ń jà yóò parí ìjà lọ́jọ́ kan. Èyí tó bá kí ọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni kí o bẹ̀rù.

Òdòdó tí o fi ránṣẹ́ ńkọ́? Mo gbọ́. Ẹni tó ń fi mọ́tò kó ẹrù ló já a sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ìyá Mojí pè mí, ó ní, "Bàbá Fìkáyọ̀, wọ́n gbé ewé kan wá, ó jọ pé wọ́n ṣìlé ni." Ó fi fọ́tò ìwé pélébé tó wà lára rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo sì kà á fún un. Ó ní, "Ó dáa, n ó bu omi sí i." Bẹ́ẹ̀ ni ó rí o, ó bu omi sí òdòdó rẹ. Ìwọ ò bu omi fún ọmọ rẹ̀ mu. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Fìkáyọ̀. Kì í ṣe inú òdòdó, kì í ṣe inú ọkàn pupa kékeré tí ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ irọ́ náà ṣì kù, mi ò sì ní fò ó. "Ó ń lo ọjọ́ méjì sí i." Bí a bá tú gbólóhùn yẹn wò, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìdí tó fi burú nìyẹn. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bọ́ọ̀sì, mo fi gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbá òpó kan, ó sán. Mo gbé bọ́ọ̀sì fún ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi, ó béèrè pé, "Ṣé kò sí wàhálà?" Mo ní, "Ó ń lọ dáadáa." Ó ń lọ dáadáa lóòótọ́! Gíláàsì ni mi ò sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun ni wọ́n pè fún ẹjọ́. Ọkùnrin kan láti Jàmáíkà ni, ọmọ mẹ́ta ló ní. Ọjọ́ kejì, mo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, mo ní, "Èmi ni." Wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ fún mi, ojú sì tì mí níwájú gbogbo gáràájì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn ṣì ń pè mí ní "brother" dòní. Wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti Gbádé. Èyí tí mo lọ bá, mo ṣì ní i. Òótọ́ tí a dá sí méjì, tí a fi ìdá kan pamọ́, irọ́ ni. Bí o bá ṣe ohun tí kò dáa, sọ ọ́ ní odindi, kó jẹ́ pé ẹnu rẹ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Mummy rẹ ní kí n má kọ lẹ́tà yìí. Lálẹ́ àná, ó ní, "Ọmọdé ni. Ẹ̀rù ló bà á. Ó ti bẹ̀bẹ̀ lórí fóònù." Mo ní kí ló dé tí ẹ̀rù ò ba Mojí? Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kó kórìíra wa ni?" Rárá. Mi ò fẹ́ kí o kórìíra wa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ohun tí yóò mú ọ di èèyàn nìyẹn, kórìíra mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, n ó fara dà á.

Má sì rò pé mi ò rí ohun tó dáa lára rẹ. Mo mọ̀ pé ìwọ lo gbé Mojí sẹ́yìn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè yẹn kí takisí tó dé. Òun ló sọ ọ́ fún mi, tayọ̀tayọ̀. "Daddy, she carried me. Mo ń sunkún, òun náà ń sunkún." Èyí ló ń bí mi nínú jù! Ẹni tó lè gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ pọ̀n nínú òjò, kí ló ṣe ọ́ tí o ò lè jókòó tì í lórí àga? Agbára wà lára rẹ. Ìgbà tí ó kù kí o lo sùúrù ni o wo aago. Ìmọ̀ràn mi tó kẹ́yìn nìyẹn, ó sì kúrú: ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń rí rọrùn, gbogbo ayé ń ṣe é. Ìjókòó ló le.

Èmi àti Mojí padà dé lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn tì í jáde. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn irin níbi tí wọ́n ti ń pàdé èrò, ó ti ń dúró láti àárọ̀. Kò fò mọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó kán yẹn ló kọ́kọ́ gbé sí àyà, ó gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó wá ní, "Bàbá Fìkáyọ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ na ọmọ yẹn jù o." Ìwọ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Mo ti ṣe ohun tó ní kí n má ṣe. Wàyí o, gbọ́ ohun tí mo ní kí ìwọ náà ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ ọkọ̀ ojú irin láti Leicester. Má wá sílé ná. Wọ District line, sọ̀kalẹ̀ ní Upney, máa lọ tààrà. Má ra nǹkan kan dání. Má mú mi lẹ́yìn, mi ò ní bá ọ lọ, iṣẹ́ ni mo wà. Mummy rẹ náà ò gbọdọ̀ bá ọ lọ. Kúnlẹ̀ fún ìyá Mojí. Sọ gbogbo rẹ̀, títí dé orí ṣáájà. Má fi "ṣùgbọ́n" kankan sí i. Lẹ́yìn náà, bi Mojí bóyá o lè jókòó tì í. Ọ̀pá abẹ́ apá ni Mojí fi ń rìn nínú ilé báyìí, kò lè tètè dé ẹnu ọ̀nà, ìyá rẹ̀ sì máa ń sùn ní ọ̀sán lẹ́yìn iṣẹ́ ìgbálẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan ni kí o kan ìlẹ̀kùn.

Ó lè pẹ́ kí wọ́n tó ṣí i. Wọ́n sì lè má ṣí i rárá. Dúró síbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó bí ọ, tí inú ń bí, tí kò sì tíì fi ọ́ sílẹ̀.